Ooru Kọ́ Ló Pa Epìyà: Àtúnṣe sí Ìdájọ́ Ìgbà Ẹ̀rùn

Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, tí omi inú kòtò ẹja ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú léfòó, gbólóhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn olùsìn ẹja, ì báà jẹ́ ní Bouaké ní àárín Côte d'Ivoire, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Ẹ̀pẹ́: "Ooru ló pa wọ́n." Ẹni tó ni ẹja á ki ọwọ́ bọ omi, ọwọ́ á jẹ́rìí pé omi gbóná, ẹjọ́ á sì parí síbẹ̀. Ìdájọ́ yìí kò tọ̀nà, owó kékeré sì kọ́ ni ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Ẹni tó bá ti gbà pé ooru ló pa ẹja òun kò ní wá ohun mìíràn mọ́. Yóò ká ọwọ́ gbera, yóò máa retí òjò, ẹja yóò sì máa kú lọ.

Mo fi Bouaké bẹ̀rẹ̀ nítorí pé epìyà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà káàkiri ayé. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹja, ìran Bouaké ni wọ́n ń pè é, ọ̀kan lára àwọn ìran Oreochromis niloticus, epìyà tí gbogbo wa mọ̀, tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní carpe. Ibùdó ìwádìí ìsìn ẹja kan wà ní ìlú náà, lábẹ́ CNRA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lórí ẹja ti wà ní Bouaké tipẹ́tipẹ́ kí CNRA tó dé. Ní 1971, DNOCS, ilé-iṣẹ́ ìjọba Brazil tó ń gbógun ti ọ̀dá, kó ìwọ̀nba epìyà díẹ̀ láti Bouaké lọ sí Pentecoste ní ìpínlẹ̀ Ceará. Àwọn ẹja yẹn bí sí i, wọ́n tàn ká àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ìran wọn sì ti ibẹ̀ dé Fásitì Auburn ní Alabama, níbi tí wọ́n ti sọ wọ́n ní ìran Ivory Coast. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tó ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran ti fi ẹja yìí jẹ atiéké àìmọye ìgbà. Ó wù mí kí wọ́n mọ̀ pé ẹja inú àwo wọn ní ìbátan ní ìdajì ayé.

Ìdí tí ìrìn àjò yẹn fi ṣeé ṣe ni pé epìyà fẹ́ràn ooru. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ní láti tutù dé dígíríì 11 tàbí 12 kí òtútù tó pa epìyà, kí ó sì gbóná dé 42 kí ooru tó pa á. Ibi tí ó fẹ́ràn jù ni láàárín 31 sí 36. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: 31 sí 36. Omi tí a fọwọ́ kàn ní ọ̀sán gangan tí a ní ó ti gbóná jù, tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 32 tàbí 33, òun gan-an ni omi tí ẹja náà ì bá fúnra rẹ̀ yàn. Ọwọ́ wa kò lè ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ara ènìyàn ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àmọ́ bí omi bá ṣe rí ni ara ẹja ń rí.

Ìran Bouaké yìí náà wà lára àwọn tí Jean-François Baroiller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi ṣe ìwádìí tó jáde ní 1995 lórí ooru àti akọ-n-bábo. Wọ́n fi ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jẹ sínú omi tó gbóná dé nǹkan bíi 36, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ohun tí ooru ṣe fún wọn ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ì bá di abo di akọ. Ọmọ ẹja tí kò tíì tó èékánná lè gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀ kí ó sì dàgbà, a wá ń sọ pé 33 ló pa bàbá rẹ̀.

Kí wá ni ooru ń ṣe? Ohun méjì ni, a kò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀.

Èkíní ni pé ó ń lé ọ́síjìn kúrò nínú omi. Lítà omi odò kan tó wà ní dígíríì 20 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Bí omi náà bá dé 30, kò lè gbà ju 7.5 lọ, bí ó bá dé 35, kò pé 7 mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ooru kan náà ń mú kí ẹja nílò ọ́síjìn sí i, tó sì ń mú kí oúnjẹ tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ kòtò tètè jẹrà, ìjẹrà náà sì ń lo ọ́síjìn. Àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé máa ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, fi jẹ́ wákàtí tó burú jù nínú kòtò. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: bí ó bá jẹ́ ooru fúnra rẹ̀ ló ń pa ẹja, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ì bá máa pa wọ́n, kì í ṣe aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí omi ti tutù jù.

Ikú àìrí ọ́síjìn ní àmì tirẹ̀. Ẹja á gòkè wá, wọn á la ẹnu sójú omi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó tóbi á kọ́kọ́ lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá òkú púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí oòrùn bá sì gòkè, àwọn tó kù á padà sí ìsàlẹ̀, wọn á tún máa jẹun.

Ohun kejì tí ooru ń ṣe le ju èyí lọ láti mọ̀, òun sì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ooru ń fún kòkòrò àìfojúrí kan láǹfààní. Streptococcus agalactiae ni orúkọ rẹ̀. Ikú tirẹ̀ kì í wá lóru ọjọ́ kan. Ẹja mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́la, méje lọ́tùnla, á sì máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn àgbà ẹja, àwọn tí a ti fi oṣù púpọ̀ bọ́, tí ọjà wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ó máa ń mú jù. Ẹja náà kò ní la ẹnu sójú omi. Yóò dá wà, oúnjẹ kò ní wù ú, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú kan, nígbà mìíràn yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ á wú jáde, á sì ṣú funfun. Ara rẹ̀ lè tẹ̀ kọrọdọ. Ìdí tí ó fi ń yí po ni pé kòkòrò náà ti gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ rẹ̀, ó sì ti dá egbò síbẹ̀. Kò sí ooru kankan, bó ti wù kó mú tó, tó ń dá irú egbò yẹn sínú ọpọlọ ẹja.

Kòkòrò yìí ti ṣe ọṣẹ́ lára ẹja tí ẹnikẹ́ni kò sìn. Ní oṣù Ògún àti oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀ ọdún 2001, ẹja mullet tó ń dá gbé nínú òkun kú ní Kuwait Bay, òkú wọn sì ju tọ́ọ̀nù 2,000 lọ. Ẹ̀rùn tó mú gan-an ni, ó sì rọrùn láti sọ pé òkun ló hó. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò bá Streptococcus agalactiae nínú ẹja náà. Nítòsí wa níhìn-ín, ní adágún Volta ní Ghana, níbi tí wọ́n ti ń sin epìyà nínú kéèjì, ìwádìí tó jáde ní 2018 fi kòkòrò kan náà hàn nínú ẹja tó ń kú, irú tí wọ́n ń pè ní ST261. Kí ọdún náà tó parí, fáírọ́ọ̀sì ISKNV tún balẹ̀ sínú adágún yẹn kan náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó: bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì nínú omi kan, lábẹ́ oòrùn kan. Àǹtíbáyọ́tíìkì lè ran ẹja lọ́wọ́ níwájú èkíní. Kò lè ṣe nǹkan kan fún èkejì. Ẹni tó bá sọ pé "ooru ni" kò lè mọ èyí tó ń bá jà nínú méjèèjì.

Àwọn olùwádìí ní Thailand ti dán ọ̀rọ̀ ooru wò tààrà. Wọ́n fún epìyà ní kòkòrò yìí nínú omi tí ìwọ̀n ooru wọn yàtọ̀ síra, òkú sì pọ̀ jù níbi tí omi ti gbóná jù. Nínú omi gbígbóná, kòkòrò náà ń yára bí sí i, ó ń lo àwọn ohun ìjà rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹja náà sì ń jìyà lọ́wọ́ àìtó ọ́síjìn, agbára rẹ̀ láti dènà àrùn á sì dín kù. Ooru ló ṣí ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ló wọlé wá jalè.

Mo mọ ohun tí olùkàwé tó mú ojú tó ọ̀rọ̀ yóò bi mí. Bí kòkòrò yìí kì í bá fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja àfi tí omi bá gbóná, ṣé kì í ṣe ooru náà ló pa á? Kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Ọ̀nà tó yá jù láti dáhùn rẹ̀ ni láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi bá tutù, nítorí pé bí ooru bá jẹ́ apani, omi tútù ni ì bá jẹ́ ìgbàlà.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò mìíràn wà, Francisella orientalis, tó ń kó àwọn kókó funfun sínú kíndìnrín epìyà àti àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ mìíràn. Ní 2012, Esteban Soto àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé ní dígíríì 25, ọmọ epìyà tó ní kòkòrò yìí ń kú púpọ̀. Ní 30, ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kòkòrò kan náà, ẹja kan náà, ooru ló sì gbà wọ́n là. Bouaké jẹ́ ìlú tí ọyẹ́ máa ń dé láti oṣù Ọ̀pẹ̀ títí wọ oṣù Èrèlé, tí òru ń tutù, tí omi kòtò tí kò jìn ń tutù pẹ̀lú rẹ̀. Olùsìn ẹja tó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀rùn nìkan ni ewu wà yóò máa sùn fọnfọn ní àsìkò ọyẹ́, ní àsìkò tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń wá àyè.

Ó tún ku ẹ̀rí kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ní 1976, Reynolds, Casterlin àti Covert ní Amẹ́ríkà fi kòkòrò Aeromonas hydrophila sára àwọn ẹja kan, wọ́n sì fún wọn láǹfààní láti yan ibi tí omi ti gbóná tàbí ibi tí ó ti tutù. Àwọn tí ara wọn kò yá wẹ̀ lọ síbi tí omi ti gbóná ju ibi tí wọ́n máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ara ẹja kò lè dá ibà fúnra rẹ̀ bíi tiwa, ó lọ wá ibà nínú omi. Ooru tí à ń bú yìí, aláìsàn mìíràn ń wá a kiri bí oògùn.

Nítorí náà, òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru tó bá a lára mu, ẹja náà ní tirẹ̀, ibi tí ìwọ̀n méjèèjì bá ti pàdé ni a ti ń mọ ẹni tó máa borí. Nínú kòtò epìyà, bí a bá ní "ooru" ló pa ẹja, àìtó ọ́síjìn tàbí kòkòrò kan ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kòkòrò tó ń ṣe bó ṣe fẹ́ ní gbogbo àsìkò.

Àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí iyùn inú òkun ti bá irú àṣìṣe yìí jìjàkadì, ní ìhà méjèèjì. Iyùn alààyè jẹ́ ẹranko kéékèèké tó ń kọ́ ilé òkúta sísàlẹ̀ òkun. Ní etíkun Zanzibar, Yael Ben-Haim àti Eugene Rosenberg rí kòkòrò kan lára iyùn Pocillopora damicornis tó ń ṣàìsàn, èyí tó wá ń jẹ́ Vibrio coralliilyticus ní 2003. Ní dígíríì 22, kòkòrò náà kò rí iyùn ṣe. Bí omi bá kọjá 27, ẹran ara iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lórí òkúta rẹ̀. Ìwádìí tó dára ni, ó sì jọ ti epìyà wa gan-an. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, láti 1996, Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ nípa iyùn mìíràn, Oculina patagonica, ní òkun Mẹditaréníà, pé kòkòrò Vibrio shiloi ló ń jẹ́ kí ó di funfun nígbà ẹ̀rùn. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọn kò rí kòkòrò náà lára iyùn yẹn mọ́, síbẹ̀ iyùn ń funfun bí ẹ̀rùn bá dé. Ní 2008, Tracy Ainsworth àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí jáde pé kì í ṣe bakitéríà ló ń fa fífunfun náà. Ooru fúnra rẹ̀ ló ń ba àdéhùn jẹ́ láàárín iyùn àti ewéko wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú ara rẹ̀ tó ń bọ́ ọ.

Mo mú èyí wá kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ńṣe ni mo fẹ́ dá ooru láre ní gbogbo ẹjọ́. Fún iyùn, ìgbóná tí kò ju dígíríì kan tàbí méjì lọ lórí èyí tó mọ́ ọn lára, bí ó bá pẹ́, ti tó láti sọ ọ́ di funfun. Epìyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran ọ̀tọ̀ ni, ìfaradà ọ̀tọ̀ ni, a kò lè ṣèdájọ́ méjèèjì nínú ilé ẹjọ́ kan. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe dájọ́ kí a tó ṣe àyẹ̀wò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 fi ohun tí ẹ̀rùn lè ṣe han Bouaké. Adágún Loka, tó ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀rọ ìlú náà, gbẹ, àwọn ará ìlú sì wà láìrí omi ẹ̀rọ bó ṣe yẹ fún oṣù mélòó kan. Ọ̀rọ̀ omi mímu àwọn ènìyàn ni ìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ohun tí à ń gbàgbé nígbà tí à bá ń sọ̀rọ̀ ooru: nínú ẹ̀rùn, omi ń dín kù. Iye ẹja tó wà nínú kòtò lóṣù Bélú ni yóò wà níbẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà, àmọ́ omi tí wọ́n ń pín lè ti di ìdajì. Ìgbẹ́ wọn ti pọ̀ nínú omi díẹ̀, ara wọn ń họ ara wọn, ojú egbò sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí kòkòrò ń gbà wọlé. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ikú ooru, ikú ìfúnpọ̀ ni.

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ohun tí a ń ṣe. Ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja, bí wọ́n bá ti rí òkú, á sáré da omi kànga jíjìn sínú kòtò kí ó lè tutù. Omi inú ilẹ̀ sábà máa ń ní ọ́síjìn díẹ̀, bí ó bá sì wọlé lójijì ó ń já ẹja láyà. Bí a kò bá lè ṣe kí omi náà ṣàn kúrò níbi gíga kí ó lè gba afẹ́fẹ́ kí ó tó bọ́ sínú kòtò, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn á fi oúnjẹ kún oúnjẹ pé kí ẹja lè lágbára. Nínú ooru, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹ ọ́síjìn inú omi, kí a dín in kù ló dára jù. Òkú ẹja kò gbọ́dọ̀ sùn nínú omi, nítorí pé àwọn tó kù ń jẹ ẹ́, kòkòrò sì ń gba ẹnu wọlé. Kí a má sì ṣe jù ú sínú odò tí aládùúgbò ń pọn. Àǹtíbáyọ́tíìkì tí a bù sómi láìmọ ohun tó ń pa ẹja, owó tí a sọ nù ni, ó sì ń kọ́ àwọn bakitéríà mìíràn láti má ka oògùn sí mọ́.

Ìbẹ̀rù kan ṣẹ́kù tí mo ní láti fọwọ́ bà, pàápàá fún àwọn tó ń yan ẹja tà. Ní 2015, ní Singapore, irú Streptococcus agalactiae kan tí wọ́n ń pè ní ST283 ran àwọn tó jẹ ẹja odò ní tútù, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin de títa irú ẹja tútù bẹ́ẹ̀ fún jíjẹ. Ẹja tó jinná dénú kò ní irú ewu yẹn. Àwa kì í jẹ ẹja tútù, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ní egbò kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán la ẹja tó ń ṣàìsàn.

Bí ẹja bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo aago, ẹ wo iye tó kú, ẹ wo ojú wọn, ẹ sì wò bóyá wọ́n ń la ẹnu tàbí wọ́n ń yí po. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń yí po ni, ẹ má ṣe kó òkú lọ sí yàrá àyẹ̀wò, nítorí pé kòkòrò ìdíbàjẹ́ ti bo òkú láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n rí èyí tó pa á. Ẹja méjì tàbí mẹ́ta tó ṣì ń mí, tó ń ṣàìsàn, ni kí ẹ gbé lọ nínú omi inú kòtò wọn, láàárọ̀. Ọpọlọ àti kíndìnrín ni wọn yóò yẹ̀ wò. Ẹ kọ aago tí ẹ mú wọn àti ìwọ̀n ooru omi náà sára ike tí ẹ fi gbé wọn. Tẹ̀mómítà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọwọ́.